Orúkọ Bakitéríà Inú Ògì Ti Yí Padà, Nọ́ńbà Rẹ̀ Kò Yí Padà

Sí Olóòtú,

Mo kí ẹ̀yin àti gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ o. Mo máa ń ka ojú ewé ìlera àti oúnjẹ inú ìwé ìròyìn yín déédéé, inú mi sì ń dùn pé Yorùbá tó já gaara ni ẹ fi ń ṣàlàyé ohun tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń rí nínú ògì, gàrí, fùfú àti irú wa. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ jẹ mọ́ orúkọ àwọn kòkòrò àìfojúrí tí ẹ máa ń tẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹ̀yin oníròyìn, àmọ́ ó kan àwa tí a ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga jù yín lọ, nítorí lọ́dọ̀ wa ni ẹ ti ń gbọ́ àwọn orúkọ náà.

Bí ìròyìn bá ti jáde nípa omidùn, orúkọ tí a sábà máa ń rí níbẹ̀ ni Lactobacillus plantarum. Láti oṣù Igbe ọdún 2020 ni orúkọ yìí ti di ti àtijọ́. Ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ láti orílẹ̀-èdè mélòó kan gbé iṣẹ́ wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí wọ́n ń pè ní International Journal of Systematic and Evolutionary Microbiology, tí wọ́n sì fi hàn pé ọ̀wọ́ (genus) Lactobacillus, tí ẹ̀yà (species) 261 wà nínú rẹ̀ lákòókò náà, kò yẹ ní ọ̀wọ́ kan ṣoṣo mọ́, nítorí DNA àwọn ẹ̀yà inú rẹ̀ jìnnà sí ara wọn jù. Wọ́n pín in sí ọ̀wọ́ 25, 23 nínú wọn sì jẹ́ tuntun. Èyí tó wà nínú ògì wa bọ́ sí ọ̀wọ́ tuntun kan, ó di Lactiplantibacillus plantarum. Lactobacillus fermentum, tí òun náà wọ́pọ̀ nínú ògì àti nínú ẹ̀gẹ́ tí a rẹ, di Limosilactobacillus fermentum. Orúkọ tuntun yìí gùn lẹ́nu lóòótọ́, mo sì mọ̀ pé ẹni tó ń to lẹ́tà fún yín kò ní dúpẹ́ lọ́wọ́ wa.

Kò sí ohun tó burú nínú kí orúkọ yí padà, ìmọ̀ tó ń pọ̀ sí i ló fà á. Ibi tí ìṣòro wà ni pé ẹni tó bá fi orúkọ àtijọ́ wá iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe lórí ògì yóò rí èyí tó ti pẹ́, bóyá ni yóò rí ti àìpẹ́ yìí. Ẹni tó bá sì fi orúkọ tuntun wá a yóò ṣe bí ẹni pé kò sí ẹni tó ṣiṣẹ́ lórí ògì rí kí ọdún 2020 tó dé. Mo ti rí ìwé ìwádìí àṣekágbá kan tí orúkọ méjèèjì wà nínú àtẹ kan náà, tí wọ́n wà ní ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí iye àti ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ti ọ̀kọ̀ọ̀kan sì wà níwájú rẹ̀, bí ẹni pé bakitéríà méjì ni. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò parọ́. Inú iṣẹ́ méjì tí àkókò wọn yàtọ̀ ló ti da orúkọ kọ, kò sì sí ẹni tó kọ́ ọ ní ohun tó yẹ kó fi so wọ́n pọ̀.

Ohun tó yẹ kó fi so wọ́n pọ̀ náà ni nọ́ńbà. Nínú àká ìsọfúnni nípa ìsọ̀rí àwọn ohun ẹlẹ́mìí, èyí tí ilé-iṣẹ́ NCBI ń bójú tó ní Bethesda, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, 1590 ni nọ́ńbà bakitéríà inú ògì yìí. 1590 ló jẹ́ nígbà tó ń jẹ́ Lactobacillus, òun náà ló sì jẹ́ lónìí. Ọmọbìnrin tó wọlé ọkọ lè pa orúkọ bàbá rẹ̀ tì kó máa jẹ́ ti ọkọ, NIN rẹ̀ kò ní torí ìyẹn yí padà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni nọ́ńbà ìsọ̀rí ṣe rí sí bakitéríà yìí. Ẹni tó bá tẹ orúkọ àtijọ́ sínú àká náà, 1590 ni yóò bá a. Ẹni tó bá tẹ tuntun, 1590 kan náà ni. Àmọ́ àká náà nìkan ló mọ̀ bẹ́ẹ̀: Google kò fi dandan mọ̀ ọ́n, káàdì ilé ìkàwé kò mọ̀ ọ́n, ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yín kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí a ṣe ń rìn dé ìdí nọ́ńbà náà, nítorí ọ̀nà yẹn gan-an ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣì. Bí olùṣèwádìí kan ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta bá yọ bakitéríà jáde láti inú ògì, yóò fa DNA rẹ̀ jáde, yóò sì sọ apá kan rẹ̀ di púpọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní 16S rRNA, tí gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí 1,500 lẹ́tà. Yóò wá fi í ránṣẹ́ síbi tí ẹ̀rọ tó ń ka DNA bá wà, ohun tí yóò sì gbà padà kò ju fáìlì kan lọ tí lẹ́tà A, C, G àti T tò sínú rẹ̀ gbọọrọ. Àwọn lẹ́tà náà kò dárúkọ ohunkóhun. Ó di dandan kó gbé wọn lọ sí BLAST, ètò kọ̀ǹpútà tó ń fi ìtòlẹ́sẹẹsẹ DNA tuntun wé èyí tó ti wà nípamọ́ ní GenBank, àká DNA tí NCBI ń tọ́jú, láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1982. BLAST yóò to àwọn tó jọ ọ́ jù lọ kalẹ̀ fún un, nọ́ńbà àkọsílẹ̀ kan yóò sì wà ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà àkọsílẹ̀ jẹ́ ti DNA kan ṣoṣo tí ẹnì kan fi pamọ́, ó yàtọ̀ sí nọ́ńbà ìsọ̀rí bíi 1590, tó jẹ́ ti ẹ̀yà lápapọ̀. Yálà Amẹ́ríkà ni ẹnì kan ti fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́, tàbí Hinxton lẹ́bàá Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tàbí Mishima ní Japan, nọ́ńbà náà kò yàtọ̀, nítorí ojoojúmọ́ ni àká mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń pín ohun tó bá wọlé fún ara wọn.

Orúkọ tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dà kọ, wọn á sì ju nọ́ńbà nù. Nígbà mìíràn, ohun tó máa ń wà ní ìlà àkọ́kọ́ náà ni uncultured bacterium, tí nọ́ńbà ìsọ̀rí rẹ̀ jẹ́ 77133. Kì í ṣe orúkọ bakitéríà kankan. Agbọ̀n ni wọ́n ń da gbogbo DNA bakitéríà tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn sínú abọ́ láàbù sí, ìbáà jẹ́ láti inú erùpẹ̀, odò tàbí ikùn màlúù ni wọ́n ti rí i. Síbẹ̀ mo ti rí i nínú àtẹ, tí wọ́n fi lẹ́tà wíwọ́ tẹ̀ ẹ́, bí orúkọ ẹ̀yà gidi. Olùṣèwádìí tó bá mú nọ́ńbà àkọsílẹ̀ dání, tó sì béèrè ìsọ̀rí rẹ̀, kò ní pẹ́ mọ̀ pé òfìfo ni.

Nọ́ńbà àkọsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ wo MN908947.3. Lẹ́tà méjì ló ṣáájú, nọ́ńbà mẹ́fà tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ààmì ìdánudúró àti 3. Ohun tó kẹ́yìn yìí, tí àwọn ènìyàn máa ń gé sọnù nítorí pé ó dà bí ohun tí kò níláárí, ń sọ pé ẹ̀dà kẹta ni, pé a ti tún lẹ́tà inú rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀mejì. Láti 1999 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà ẹ̀dà sí i lọ́nà yìí. Fáírọ́ọ̀sì tó fa COVID-19 ni àkọsílẹ̀ yìí, Wuhan ni wọ́n ti rí i, lẹ́tà rẹ̀ sì jẹ́ 29,903. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ inú àká ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ ọdún 2020, Wuhan seafood market pneumonia virus ni wọ́n kọ sí i gẹ́gẹ́ bí orúkọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń pè é ní 2019-nCoV ní tiwọn. Nígbà tó di ọjọ́ 11 oṣù Èrèlé, ìgbìmọ̀ tó ń sọ fáírọ́ọ̀sì lórúkọ kéde SARS-CoV-2. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúkọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ìsọ̀rí rẹ̀, 2697049, kò mì. Ẹni tó bá ka ìwé tí wọ́n kọ ní ọjọ́ kẹta tí fáírọ́ọ̀sì náà gbajúmọ̀ lè fi nọ́ńbà so ó mọ́ èyí tí wọ́n kọ lánàá.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún yẹn kan náà, àwọn onímọ̀ ACEGID, ibùdó ìwádìí DNA àwọn àrùn àkóràn ní Redeemer's University, Ẹdẹ, pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ wọn, ka gbogbo DNA tí wọ́n ṣe láti ara fáírọ́ọ̀sì tí wọ́n rí lára aláìsàn àkọ́kọ́ tó ti Ítálì wọ Nàìjíríà, àwọn ló sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. GISAID, àká ọ̀tọ̀, ni wọ́n gbé e lọ, níbi tí nọ́ńbà ti ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú EPI_ISL. Ẹni tó bá gbé irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ lọ sí GenBank kò ní bá nǹkan kan. Nítorí náà, nọ́ńbà láìsí orúkọ àká tó ti wá kò tíì pé.

Bí nọ́ńbà àkọsílẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́, ìsọ̀rí kò jìnnà mọ́. NCBI gbé fáìlì kan síta lọ́fẹ̀ẹ́ tó ní òpó mẹ́rin: nọ́ńbà àkọsílẹ̀ láìsí ẹ̀dà, nọ́ńbà kan náà pẹ̀lú ẹ̀dà, nọ́ńbà ìsọ̀rí, àti nọ́ńbà àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní GI, èyí tí NCBI bẹ̀rẹ̀ sí í yọ kúrò lójú àwọn àkọsílẹ̀ ní 2016 ṣùgbọ́n tó ṣì kún inú ìwé ìwádìí tó wà lórí pákó wa. Fáìlì mìíràn, nodes.dmp, ń sọ òbí nọ́ńbà ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìsọ̀rí tó ga jù ú lọ tó wà lábẹ́ rẹ̀, names.dmp ń sọ orúkọ rẹ̀, tuntun àti àtijọ́. Ẹ gbé 1590. Òbí rẹ̀ ni ọ̀wọ́ Lactiplantibacillus, láti ibẹ̀ ẹ ó gòkè sí ẹbí Lactobacillaceae, 33958, sí Lactobacillales, 186826, sí Bacilli, 91061, sí Bacillota, 1239, ẹ ó sì máa gòkè lọ títí ẹ ó fi kan Bacteria, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 2, kí ẹ tó parí sí 1, tí í ṣe gbòǹgbò ohun gbogbo. Firmicutes ni àwọn tó kàwé ṣáájú yóò mọ̀ sí orúkọ 1239. NCBI sọ ọ́ di Bacillota ní 2023, Proteobacteria sì di Pseudomonadota. Ní tèmi o, mo ṣì ń sọ Firmicutes lẹ́nu bí mo bá ń yára sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ló wà láti ṣe gbogbo èyí. Ọ̀nà kan ni kí kọ̀ǹpútà máa béèrè lọ́wọ́ NCBI lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tí kò gba kọ́kọ́rọ́ API, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí kọ̀ǹpútà fi ń béèrè, lọ́dọ̀ wọn kò gbọdọ̀ béèrè ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹni tó bá gbà á, ọ̀fẹ́ sì ni, lè béèrè tó ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Fún nọ́ńbà ogún tàbí ọgbọ̀n, ó tó. Bí ó bá di ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí iná lè lọ, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè já, tí owó dátà akẹ́kọ̀ọ́ sì lè tán láàárín iṣẹ́, ọ̀nà yẹn a máa fi ènìyàn sílẹ̀ lágbedeméjì, kì í sì í sọ fúnni ibi tó dúró sí àfi bí ẹni tó kọ ètò náà bá ti ronú kan án. Ọ̀nà kejì ni kí a gba àwọn fáìlì náà sórí kọ̀ǹpútà wa, kí a sì máa wá ohun tí a fẹ́ níbẹ̀ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Fáìlì orúkọ àti òbí kò tóbi, fóònù lè gbà á. Èyí tó so nọ́ńbà àkọsílẹ̀ mọ́ ìsọ̀rí ló tóbi gan-an, gígabáìtì mélòó kan ni kódà bí wọ́n ti fún un pọ̀, kò sì bójú mu kí akẹ́kọ̀ọ́ ogójì nínú ẹ̀ka kan náà máa gbà á lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú dátà tí wọ́n fi owó oúnjẹ rà. Ẹ̀ka kan lè gbà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó wà lórí kọ̀ǹpútà kan ní láàbù, kí gbogbo wọn máa fi fíláàṣì dà á kọ. NCBI tilẹ̀ ń tọ́jú ẹ̀dà oṣooṣù ti fáìlì orúkọ àti òbí, èyí tó túmọ̀ sí pé ẹni tó bá kọ ọjọ́ tó gba ìsọ̀rí sínú iṣẹ́ rẹ̀ ti fún ẹlòmíràn láǹfààní láti padà wo ohun tí òun rí gan-an.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé nọ́ńbà ló mọ ohun gbogbo. NCBI fúnra wọn kọ ọ́ sójú ìkànnì wọn pé àká àwọn kì í ṣe aláṣẹ lórí orúkọ tàbí ìsọ̀rí ohun ẹlẹ́mìí. Wọ́n máa ń pa nọ́ńbà méjì pọ̀ di ọ̀kan bí ó bá hàn pé ohun kan náà ni, merged.dmp sì wà láti darí ẹni tó bá mú nọ́ńbà àtijọ́ wá. Ìyẹn rọrùn. Ìpínyà ló ṣòro. Ní 2013, àwọn onímọ̀ ẹ̀fọn yọ ẹ̀yà tuntun kan jáde kúrò lára Anopheles gambiae tó ń tan ibà kálẹ̀ ní ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sọ ọ́ ní Anopheles coluzzii. 7165, nọ́ńbà gambiae, kò kúrò lọ́rùn gambiae. Àkọsílẹ̀ DNA tí wọ́n ti fi pamọ́ ṣáájú ọdún yẹn lábẹ́ orúkọ náà lè jẹ́ ti èyí tàbí ti ọ̀hún, kò sì sí fáìlì kankan tó lè sọ ọ́ bí ẹni tó fi í ránṣẹ́ kò bá ṣàlàyé irú ẹ̀fọn tí ó mú.

Ti inú ògì náà ní ìṣòro tirẹ̀. Lactiplantibacillus plantarum, pentosus àti paraplantarum jọ ara wọn débi pé 16S rRNA wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ rárá. Bí BLAST bá sọ plantarum lórí ìlà àkọ́kọ́, pentosus lè wà ní ìlà kejì pẹ̀lú ìbáramu kan náà gẹ́lẹ́. Ìsọ̀rí tí a bá gbà láti ọ̀dọ̀ nọ́ńbà àkọ́kọ́ yóò tọ̀nà fún nọ́ńbà náà, kò sì ní fi dandan tọ̀nà fún bakitéríà tó wà nínú abọ́ wa. Ó yẹ kí olùṣèwádìí wo àpilẹ̀ (gene) mìíràn bíi recA, tó ń ya àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀, tàbí kó jẹ́wọ́ pé ibi tí ẹ̀rí òun dé ni ọ̀wọ́, kì í ṣe ẹ̀yà. Kò sí ìtìjú nínú kíkọ Lactiplantibacillus láìfi nǹkan kan kún un.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú, kò wúwo. Bí onímọ̀ kan bá wá sọ fún yín pé òun rí bakitéríà báyìí nínú oúnjẹ wa, ẹ béèrè nọ́ńbà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó tẹ ìròyìn náà, kí ẹ sì fi orúkọ àtijọ́ àti tuntun síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: Lactiplantibacillus plantarum, tí a mọ̀ sí Lactobacillus plantarum tẹ́lẹ̀, 1590 ní àká NCBI. Kò gbà ju ìlà kan lọ. Ẹni tí kò bá ní nọ́ńbà kankan láti fún yín, ẹ bi í léèrè bí ó ṣe mọ orúkọ tó ń pè. Àwa olùkọ́ ní tiwa ní láti kọ̀ iṣẹ́ àṣekágbá tí nọ́ńbà àkọsílẹ̀ kò sí nínú rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀dà àti ọjọ́ tí wọ́n gba ìsọ̀rí rẹ̀.

Ohun kan ṣì kù tí a kì í sábà sọ. Bí orúkọ ẹ̀yà bá yí padà fún gbogbo ayé, GenBank yóò tún un kọ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹni tó fi DNA ránṣẹ́ ló ṣi ẹ̀yà mọ̀, tó pe pentosus ní plantarum, òun nìkan ló lè béèrè kí wọ́n tún un ṣe. Àwa yòókù lè kọ̀wé sí wọn pé a rí àṣìṣe, agbára wa kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmeèlì akẹ́kọ̀ọ́ ni ó sì sábà máa ń wà lórí àwọn àkọsílẹ̀ tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ, akẹ́kọ̀ọ́ tó ti gba ìwé ẹ̀rí, tó ti wà ní Kánádà tàbí Lọ́ńdọ̀nù báyìí, tí kò sì ṣí àpótí ìmeèlì náà mọ́. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ṣí ìmeèlì kan tí yóò jẹ́ ti ẹ̀ka, kí wọ́n fi fún GenBank nígbà tí wọ́n bá ń fi DNA ránṣẹ́, kí orúkọ olórí láàbù sì wà lórí àkọsílẹ̀ náà pẹ̀lú ti akẹ́kọ̀ọ́.

Mo dúpẹ́ tí ẹ fún mi láyè.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ ìmọ̀ kòkòrò àìfojúrí kan,
Ìbàdàn.